Ìdánwò Ẹnu Tí A Ń Fi Pẹ́ńsù Ṣe

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí tí a kò lè kà tán kí a sì jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ìwé lásán. Ọmọ ilé-ìwé girama kan ní ìlú Ìbàdàn ni ó kọ ọ́. Kì í ṣe owó ni ó ń tọrọ, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ni ó wá rò. Ó jókòó ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ro bí òun ti ṣe sí nípa sísọ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti nípa dídìde sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí ó ṣe é kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Irú rẹ̀ ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà rí. A kàn ti dàgbà débi tí a fi ń pa á mọ́ra ni.

Ọmọ náà wí pé òun kì í ṣe olódo. Bí ó bá ṣe ti àkọsílẹ̀ ni, òun wà lára àwọn tí olùkọ́ ń ka àròkọ wọn sí etígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, olùkọ́ ní kí olúkúlùkù wọn dìde, kí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ ń ṣe. Ìyá tirẹ̀ ń ta ẹja inú yìnyín ní ọjà, iṣẹ́ náà sì yé e yékéyéké, nítorí òun ni ó ń bá a gbé páálí ní ọjọ́ Sátidé. Ó dìde, ó fẹ́ ṣàlàyé pé inú ọkọ̀ òkun ni ẹja náà ń bá wá láti òkè òkun. Ó fẹ́ pe "fish", ó pe "fis". Ó fẹ́ pe "ship", ó pe "sip". Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní "Fis". Ó wí pé fún odindi sáà ẹ̀kọ́ kan, òun kò nawọ́ sókè mọ́ láti dáhùn ìbéèrè. Bí òun tilẹ̀ mọ ìdáhùn, òun a jókòó, òun a máa gbọ́ bí ẹlòmíràn ti ń ṣì í, òun a sì pa ẹnu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ "fis" yìí, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe ahọ́n ọmọ náà. Ní Ìbàdàn àti ní apá ibì kan nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ń pe "ṣ" bí "s". Wọn kò ṣì í sọ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wọn ti ń sọ ọ́. Ohun tí ó bá lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ó gbé wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bákan náà ni èdè Yorùbá kò ní ohùn "v", kò ní "z", kò sì ní èyí tí àwọn Òyìnbó ń fi ahọ́n kan eyín pè nínú "think". Nítorí náà ni "van" ṣe ń di "fan" lẹ́nu wa, tí "think" sì ń di "tink". Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, kì í sì í to méjì tẹ̀lé ara wọn. Ìdí nìyí tí "bread" fi di búrẹ́dì, tí "bus" sì fi di bọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé àṣìṣe ọmọ wa kì í ṣe àṣìṣe òmùgọ̀. Ó ní ọ̀nà tí ó gbà wá, ohun tí ó bá sì ní ọ̀nà tí ó gbà wá, a lè rí ọ̀nà tí a ó gbà tún un ṣe.

Ẹ tún wo ìhà kejì. Bí Òyìnbó kan bá wọ ọjà Dùgbẹ̀ ní òní, tí ó wí pé "Ẹ káàárọ̀" ní ọ̀sán gangan, tí ó pe ọkọ̀ bí ọkọ, tí kò sì lè pe "gb" bí kò ṣe pé ó là á sí méjì, kí ni a ń ṣe fún un? A ń pàtẹ́wọ́ fún un ni. Àwọn ìyá ọlọ́jà a máa pe ara wọn pé kí wọ́n wá gbọ́ Òyìnbó tí ń sọ Yorùbá, wọn a sì fi èènì sí ohun tí ó rà. Ó ṣì í sọ tán, a yìn ín, nítorí a mọ̀ pé èdè tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀ ni ó ń gbìyànjú láti sọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tiwa, tí òun náà ń gbìyànjú láti sọ èdè tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀, òun ni a ń fi ṣẹlẹ́yà, òun ni a ń sọ lórúkọ. A bi ara wa, a sì bi ẹ̀yin òǹkàwé wa: irú ìdájọ́ wo ni èyí?

Ẹnìkan lè dáhùn pé ilé ẹ̀kọ́ ni yóò tún ẹnu ọmọ ṣe, pé ìdí tí a fi ń san owó ilé-ìwé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Àjọ tí ń ṣe ìdánwò fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí tèwe tàgbà mọ̀ sí WAEC, ti wà láti 1952. Nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣe fún àwọn ọmọ tí ń parí ilé-ìwé girama, ìwé kẹta ni a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tí kò bá mọ bí ó ti rí yóò rò pé ọmọ yóò dúró níwájú olùdánwò, yóò la ẹnu, yóò sì sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìbéèrè 60 ni a ń tẹ̀ sínú ìwé: èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ohùn rẹ̀ bá èyí mu, ibo ni ohùn ti wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ yóò sì mú pẹ́ńsù, yóò kun èyí tí ó bá rò pé ó tọ̀nà. Ìdánwò ẹnu ni a pè é, ẹnu kò sì ní iṣẹ́ kankan í ṣe níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti JAMB tí a fi ń wọ yunifásítì: ìka ni a fi ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà.

A mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ń ṣe ìdánwò náà pọ̀ bí yanrìn. Ta ni yóò jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn? A kò bá àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ohun tí ìdánwò kò bá bèèrè, olùkọ́ kì í sábà kọ́ni. Ohun tí olùkọ́ kò bá sì kọ́ni, ilé iṣẹ́ àti àárín ìlú ni yóò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà ní ọjọ́ tí kò sí pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ta ni kò mọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dára ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ó dé iwájú àwọn tí yóò gbà á sí iṣẹ́, tí wọ́n ní kí ó sọ nípa ara rẹ̀ díẹ̀, tí òógùn sì bò ó? Ẹni tí kò mọ̀ tó o ni ó gba iṣẹ́ náà, nítorí pé ó lè la ẹnu. Ta ni kò sì tíì rí ìpàdé àdúgbò tí a pè lórí ọ̀nà tàbí omi, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé jù lọ jókòó sẹ́yìn, tí aláriwo sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu? Àdánù náà kì í ṣe ti ẹnìkan. Ìlú ni ó ń pàdánù.

Kò sí ẹni tí a bí mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821 tí a sì tú sílẹ̀ ní Freetown ní 1822, kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi di àlùfáà ní 1843. Ní ọdún kan náà ni a tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Síbẹ̀, nígbà tí ó kọ́kọ́ fi Yorùbá wàásù ní Freetown ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, òun tìkára rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè ìyá òun, ńṣe ni òun dà bí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹni tí ó kọ ìwé lórí èdè ni ó wí bẹ́ẹ̀! Kò tìtorí bẹ́ẹ̀ pa ẹnu mọ́. Ní 1851 ó dúró níwájú Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ ní ìlú Òyìnbó, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó já gaara ṣàlàyé ọ̀ràn òwò ẹrú ní Èkó fún wọn. Wọ́n sì tún fẹ́ gbọ́ bí èdè Yorùbá ti ń dún, ó sì ka Àdúrà Olúwa fún wọn ní Yorùbá. Ẹnu kan náà ni ó sọ èdè méjèèjì, èkíní kò sì pa èkejì lára.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Ní sáà kejì, olùkọ́ mìíràn gba kíláàsì wọn. Olùkọ́ yìí kò bá a wí, kò sì káàánú rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí ó fi Yorùbá sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ń ṣàn lẹ́nu ọmọ náà bí omi odò. Nígbà tí ó parí, olùkọ́ wí fún un pé, "Ṣé o rí i pé o mọ ọ̀rọ̀ sọ? Èdè ni ó kù." Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ àwọn ohun kan tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ mìíràn fara wé.

Èkíní, ó ń ka ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì sókè fún ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́. Kì í kà á sínú, nítorí ojú ni kíkà sínú ń kọ́, kì í kọ́ ahọ́n. Èkejì, ó ń fetí sí àwọn tí ń ka ìròyìn lórí rédíò, ó sì ń wí tẹ̀lé wọn. Ẹ̀kẹta, ó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù ìyá rẹ̀. Ó ní nígbà àkọ́kọ́ tí òun gbọ́ ohùn ara òun, ojú ti òun, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé "s" àti "ṣ" kọ́ ni àléébù òun tí ó tóbi jù. Ńṣe ni òun ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, tí òun sì ń gbé ìparí gbólóhùn mì. Ẹ ò rí i pé yẹ̀yẹ́ tí a fi í ṣe kò tilẹ̀ tọ́ka sí ibi tí àrùn wà!

Ẹ̀kẹrin ni ó dùn mọ́ wa jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ìyá rẹ̀ lórí àtẹ. Obìnrin náà kò lọ sí ilé-ìwé girama, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá dé, a kí i, a béèrè ọmọ rẹ̀, a jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹja, a dá owó lé e, lẹ́yìn náà a dákẹ́. Ọmọ náà kọ ọ́ pé òun kò mọ̀ rí pé dídákẹ́ jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀ sísọ. Òun ti rò pé ẹni tí ó bá dákẹ́ níwájú ènìyàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán ni. Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ ń ka ìwé yìí, tí ẹ rò pé ẹ kò ní ohun tí ẹ lè kọ́ ọmọ yín tí ó wà ní ilé-ìwé, ẹ gbọ́ èyí.

Lẹ́yìn èyí ni ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn tí ń jiyàn ní ilé-ìwé. Iyàn tí gbogbo wa ti jà rí ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, pé àgbẹ̀ sàn ju olùkọ́ lọ. Ó há ìkíni tí ó lọ jàǹtìrẹrẹ sórí: ó kí alága, ó kí àwọn adájọ́, ó kí olùṣọ́ àkókò tí kì í ṣàṣìṣe, ó kí àwọn alátakò. Ó sọ gbogbo rẹ̀ já geere láìkọsẹ̀. Nígbà tí ìkíni parí, ó rí i pé òun kò ní ọ̀rọ̀. Ó dà bí àlejò tí ó kí onílé títí ilẹ̀ fi ṣú, tí kò sì rántí ohun tí ó bá wá mọ́. Nígbà kejì, ó kọ́kọ́ wá kókó mẹ́ta tí ó fẹ́ sọ, ó kì wọ́n mọ́lẹ̀, ìkíni ni ó fi ṣe ìkẹyìn ohun tí ó múra sílẹ̀. Ní ọjọ́ náà ni ó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni í gbé ènìyàn dúró, kì í ṣe ẹnu.

Ní ìparí ìwé rẹ̀, ọmọ náà bi wá ní ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ó yẹ kí òun kọ́ láti máa fi imú sọ̀rọ̀ bí Òyìnbó? Ìdáhùn wa ni pé kò yẹ, kò sì pọn dandan. Ohun méjì ni èyí, kí á má ṣe dà wọ́n pọ̀. Kí ọ̀rọ̀ ẹni já gaara jẹ́ ohun kan; kí a máa sín Òyìnbó jẹ jẹ́ ohun mìíràn. Bí ọmọ bá pe "live" bí "leave", ẹni tí ń gbọ́ ọ lè rò pé ó fẹ́ fi ilé sílẹ̀ nígbà tí ó ń wí pé òun ń gbé ibẹ̀. Ó yẹ kí ó tún èyí ṣe. Bí ohùn rẹ̀ bá sì já gaara, tí a sì mọ̀ níbẹ̀ pé ọmọ Yorùbá ni, kí ni ó bàjẹ́? Ẹ má ṣe gbàgbé pé etí ọmọ Yorùbá mú. Ẹni tí ó lè mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, tí ó mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀, kò ní ṣàìgbọ́ ibi tí ohùn ti wúwo nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá ṣáà ti fi hàn án. A fẹ́ kí ó sá fún gírámà ńlá-ńlá pẹ̀lú, èyí tí àwọn kan fi ń bo ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé Yorùbá ni kò jẹ́ kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tí a dìídì yàn fún un sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Inú wa kò dùn sí ìfagilé náà, a ó sì tún sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ wọn, ìdí púpọ̀ wà tí a kò fi gbọdọ̀ sọ èdè náà di ẹgba tí a fi ń na ọmọ lẹ́nu.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì láti dìde sọ̀rọ̀, ìdajì kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìdajì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí ọmọ 40 bá wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú 40 péré ni ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá ṣe é nígbà mìíràn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó tún àṣìṣe ṣe, ẹ má sì ṣe gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni kí ó dìde sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹbí bá péjọ, ẹ ní kí ọmọ dìde kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Bí ó bá pa òwe, kí ó ṣe "tótó, ó ṣe bí òwe" fún àwọn àgbà, kí àwọn àgbà sì dá a lóhùn pé yóò pa òmíràn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rù kò ní bà yín mọ́, nítorí ọjọ́ náà kò sí. Bí ẹ̀rù ti ń bà yín náà ni kí ẹ dìde.

Ọmọ wa dìde. Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn ọdún ẹ̀kọ́, ó tún sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìyá rẹ̀ níwájú kíláàsì kan náà. Ó ní "fish" bọ́ sí i fún òun, "ship" bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Iye tí a ń ra páálí ẹja kan àti iye tí a ń jèrè lórí rẹ̀ ni ó ń sọ lọ́wọ́, gbogbo kíláàsì sì na etí, nítorí wọ́n fẹ́ mọ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.